Nígbà tí Omi Bá Ń Gbẹ Mọ́ Ẹja Lára
(Ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ kan sọ fún àwọn àgbà tí ń kọ́ ìwé kíkà)

  Olùkọ́ wa ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa adágún ẹja ní àkókò ọ̀dá òjò. Ó ní èmi ni mo mọ̀ ọ́n jù nínú wa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀, ẹja tó kú mọ́ mi lọ́wọ́ ló kọ́ mi, wọn kò sì mọ ní ọ̀kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná.

Òkè-Ògùn ni mo ti ń ṣe àgbẹ̀, ní apá Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ bí ilẹ̀ wa ti rí. Bí òjò bá ti dá ní oṣù kẹwàá tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó di oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin ọdún kejì kí a tó tún rí òjò gidi. Bàbá mi fi àkùrọ̀ kan sílẹ̀ fún mi, níbi tí omi kékeré kan ti ń sun. Ibẹ̀ ni mo gbẹ́ adágún sí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20, ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 10, ó sì jìn dé ìbàdí mi. Mo kó epìyà sínú rẹ̀, mo sì fi àrọ̀ díẹ̀ kún un. Epìyà a máa bímọ jù, àrọ̀ a sì máa jẹ nínú àwọn ọmọ náà kí adágún má bàa kún fún ẹja wẹ́wẹ́ tí kò ní dàgbà.

Ọdún méjì àkọ́kọ́, ó dára. Lẹ́yìn náà ni ọdún 1983 dé. Ẹni tó bá ti gbọ́njú nígbà náà kò lè gbàgbé ọdún yẹn. Ọyẹ́ le, afẹ́fẹ́ gbẹ, iná sì jó igbó àti oko káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Gánà, oko kòkó tó jóná kò ṣeé kà. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kànga tó ń gba okùn ìgbọ̀nwọ́ mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ di èyí tó ń gba ogún. Isun inú àkùrọ̀ mi rọ̀, ó rọ̀, ó dákẹ́. Omi adágún tó ti dé ìbàdí mi wá sí orúnkún.

Ìyá àwọn ọmọ mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Bàbá wọn, ẹ jẹ́ ká kó ìdajì ẹja yìí jáde nísinsin yìí. Màá gbé díẹ̀ lọ sọ́jà ní tútù, màá yan ìyókù.”

Mo ní, “O ò mọ ohun tí ò ń sọ. Ọdún Àjíǹde kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹja yóò wọ́n nígbà náà. Ta ní í ka iṣu tí kò tíì ta?”

Ó wò mí, kò sọ nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ wà níbí, mo rí i bí ẹ ti ń mi orí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.

Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, mo dé etí omi, mo rí i tí ẹja yọ ẹnu sókè, tí wọ́n ń la á, tí wọ́n ń pa á dé. Mo ní, “Áà, ebi ló ń pa wọ́n.” Mo da èèrí àgbàdo sí wọn. Wọn kò jẹ ẹ́. Èèrí náà léfòó títí, ó sì rì. Ní ọjọ́ kejì mo tún da púpọ̀ sí i ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo tún kó ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí i, nítorí pé ẹnìkan ti sọ fún mi pé ìgbẹ́ ẹran a máa mú kí omi lọ́ràá. Ní ọjọ́ kẹrin, kí n tó dé ibẹ̀ ni òórùn ti pàdé mi lójú ọ̀nà. Ojú omi funfun báláú. Mo súnmọ́ ọn. Ikùn ẹja ni.

Epìyà kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Àrọ̀ 19 ni mo rí nínú ẹrẹ̀. A gbẹ́ ilẹ̀, a sin ìyókù, nítorí a kì í jẹ ẹja tí a bá ní òkú nínú omi. Owó tí mo fẹ́ fi pààrọ̀ páànù ilé ló bá omi yẹn lọ. Òjò tó kọ̀ tí kò wá fún ẹja mi, nígbà tó wá, inú ilé ló ti pa èmi àti àwọn ọmọ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ẹja kọjá ní abúlé wa. Ọmọdé ni sí mi, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó bi mí pé, “Bàbá, ìgbà wo ni ẹja ń yọ ẹnu sókè?”

Mo ní, “Ní àfẹ̀mọ́jú ni.”

“Ní ọ̀sán ńkọ́?”

“Ní ọ̀sán, wọn a tún padà sísàlẹ̀.”

Ó ní, “Bàbá mi, ebi kì í wo aago. Èémí ni wọ́n ń wá.”

Ó wá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, báyìí ló sì yé mi. Ẹja náà ń mí bí àwa ti ń mí, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó wọnú omi ni òun ń lò. Ní ọ̀sán, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí dáadáa, àwọn tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé, a máa rí oòrùn, wọn a sì máa tú afẹ́fẹ́ sínú omi. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọn kò lè ṣe é mọ́. Àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í lo afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ẹja. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, gbogbo wọn ń jẹ nínú ìkòkò kan tí ẹnikẹ́ni kò bù sí. Nítorí náà, àfẹ̀mọ́jú ni afẹ́fẹ́ inú omi kéré jù. Omi tó gbóná kì í sì lè gba afẹ́fẹ́ tó èyí tó tutù. Ẹ wá rò ó wò: omi dínkù, omi gbóná, iye ẹja kò dínkù. Ó dà bí ìgbà tí a kó ọgbọ̀n ènìyàn sínú yàrá kan lóru ooru, tí a sì ti fèrèsé pa.

Oúnjẹ tí mo ń dà sí i ńkọ́? Oúnjẹ tí ẹja kò jẹ yóò jẹrà. Ohun tó ń jẹrà náà ń lo afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti fèrèsé yẹn pa.

Kí ló dé tí àrọ̀ kò fi kú? Àrọ̀ ní ohun kan nínú orí rẹ̀ tó fi lè mí afẹ́fẹ́ òde bí tiwa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i lọ́jà tó ń gbé nínú agbada tí omi inú rẹ̀ kò ju ìka mẹ́ta lọ. Epìyà kò ní irú rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀dá bá ń bọ̀, ti epìyà ni kí ẹ kọ́kọ́ rò.

Ó yá, ẹ mú pẹ́ńsùlù yín. A fẹ́ ṣe ìṣirò díẹ̀.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè fa omi lọ́jọ́ kan tó mìlímítà 5. Kò pọ̀ lójú, ó tó ìdajì mítà tí a bá pín in sí ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n adágún mi jẹ́ mítà 20 ní mítà 10. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 10. Kí ni ẹ rí? Mítà onígun mẹ́rin 200. Mìlímítà 5 lórí gbogbo ìyẹn jẹ́ lítà omi 1,000. Gárawá karosíìnì kan ń gba nǹkan bíi lítà 18. Ẹ fi 18 pín 1,000. Ó lé ní 55. Èyí ni pé bí mo bá fẹ́ kí omi adágún mi dúró sí ojú kan, mo ní láti ru gárawá 55 wá lójoojúmọ́ fún oòrùn nìkan. Fún ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí òjò kò bá rọ̀, omi á ti fi ìdajì mítà lọ sílẹ̀, a kò sì tíì ka èyí tó ń jò sínú ilẹ̀.

Mo gbìyànjú rẹ̀ lọ́dún náà lọ́hùn-ún. Èmi àti àwọn ọmọ mi lọ fa omi ní kànga abúlé láti àkùkọ ìdájí. Ní ọjọ́ kẹta, baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Àwọn obìnrin ti kún ààfin. Ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ṣé ẹja ni yóò mu omi tí ọmọ mi kò rí mu?” Mo wo ilẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. N kò padà dé kànga yẹn pẹ̀lú gárawá ẹja mọ́, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe é. A kò lè bá oòrùn du gárawá.

Ohun tí a lè ṣe ni kí a dín ojú tí oòrùn ń rí kù. Èyí ni ọgbọ́n tí òṣìṣẹ́ yẹn kọ́ mi. Nínú adágún, ní ibi tó rẹlẹ̀ jù, kí ẹ gbẹ́ ihò kan sí i. Tèmi jẹ́ mítà 5 ní mítà 5, ó sì jìn ju ìyókù adágún lọ ní mítà kan àti ààbọ̀. Nígbà tí omi bá wà púpọ̀, ẹ kò ní mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀. Nígbà tí omi bá ń gbẹ, ẹja fúnra wọn yóò wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹ tún ṣe ìṣirò náà: 5 lọ́nà 5 jẹ́ 25. Mìlímítà 5 lórí 25 jẹ́ lítà 125. Ẹ fi 18 pín in. Gárawá 7! Ọmọ kan lè ru gárawá 7 láti odò kí oòrùn tó mú. Omi tó jìn sì tutù nísàlẹ̀ ju omi pẹlẹbẹ lọ.

Ìgbà tí adágún bá gbẹ ni kí ẹ gbẹ́ ihò yìí, tàbí ìgbà tí ẹ bá ń gbẹ́ adágún fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe wọ inú omi lọ gbẹ́ ẹ nígbà tí ẹja wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ tí ẹ óò rú sókè yóò pa wọ́n kí ọ̀dá tó pa wọ́n.

Ní ti omi tó ń jò: báwo la ṣe lè mọ̀ pé oòrùn ló ń mu omi wa, tàbí ilẹ̀? Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí nítorí pé ẹni tó mọ ìwé ló lè ṣe é dáadáa. Ẹ ri ọ̀pá kan mọ́ inú adágún, kí ẹ fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tí omi dé. Ẹ bu omi kún garawa kan, ẹ gbé e kalẹ̀ sínú omi ní etí adágún, kí ẹ sàmì sí inú rẹ̀ náà. Ní ọjọ́ keje, ẹ wọn èyí tó lọ nínú méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Garawa kò jò, oòrùn nìkan ló mu tirẹ̀. Bí tadágún bá fi púpọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti garawa, èyí tó lé ni ilẹ̀ ń mu. Tèmi, ìlọ́po méjì ni mo rí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́! Mo yí bèbè ká, mo rí ibi tí gbòǹgbò igi ti gba inú rẹ̀ kọjá, tí akàn sì ti gbẹ́ ihò. Mo gbẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀, mo fi amọ̀ tí a ti tẹ̀ bí amọ̀ ìkòkò dí i, mo gún un mọ́lẹ̀ gírígírí. Ẹ má gbin igi ńlá sórí bèbè. Koríko tó tẹ́ ilẹ̀ ló yẹ ibẹ̀.

Àwọn kan ní kí a fi ojú oró bo gbogbo ojú omi kí oòrùn má bàa rí i. Èmi kò fara mọ́ ọn. Tó bá bo gbogbo rẹ̀, àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó ń tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kò ní rí ìmọ́lẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ri ọ̀pá mẹ́rin mọ́lẹ̀, mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà bo apá kan ihò náà, ní ìhà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wá. Ẹja a máa sá sí abẹ́ rẹ̀.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ tí ìyá àwọn ọmọ mi sọ. Ẹ kó ẹja jáde kí omi tó di ẹrẹ̀. Nígbà tí omi bá ti dín ní ìdá mẹ́ta, ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó èyí tó tóbi lọ sọ́jà, ẹ yan ìyókù. Gbogbo abúlé ni yóò máa kó ẹja jáde tí ọ̀dá bá wọlé tán, owó rẹ̀ yóò sì wálẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ kó jáde ló ń rí i tà dáadáa. Nínú ihò mi, epìyà 50 ni mo máa ń fi sílẹ̀, méjì méjì fún mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, tọkọtaya àwọn tó lára. Àwọn yẹn ni irúgbìn. Tí òjò bá dé, wọn á tún kún adágún fúnra wọn. Àrọ̀ ńkọ́? Mo máa ń kó gbogbo wọn kúrò. Nínú ihò tó há, àrọ̀ á jẹ irúgbìn mi tán.

Tí ẹ bá ṣì rí i tí ẹja ń yọ ẹnu sókè ní àfẹ̀mọ́jú, ẹ dá oúnjẹ dúró lọ́jọ́ náà. Ẹja lè gbààwẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ mú igbá, ẹ máa bu omi adágún náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, kó máa fọ́n ká bí òjò. Ẹ máa ṣe é títí oòrùn yóò fi yọ. Afẹ́fẹ́ a máa bá omi tó ń fọ́n ká wọlé. Bí ẹ bá ní omi kànga láti fi kún un, ẹ má ṣe dà á gbàà. Omi abẹ́ ilẹ̀ kì í ní afẹ́fẹ́ nínú púpọ̀. Ẹ fi ìṣó lu ìdí agolo kan ní ihò wẹ́wẹ́, kí ẹ máa gba inú rẹ̀ dà á. Iṣẹ́ òwúrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni. Ó gbà mí ní apá, ṣùgbọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó tẹ̀lé ti 1983, ẹja mẹ́ta péré ló kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn darandaran yóò wá. Màlúù tí òùngbẹ ń gbẹ kò mọ adágún ẹlòmíràn. Tí wọ́n bá wọ̀ ọ́, wọ́n á rú ẹrẹ̀, wọ́n á sì fọ́ bèbè. Mo ti bá wọn jà rí, kò sì dára. Nísinsin yìí, mo gbẹ́ ọpọ́n ńlá kan sí ìsàlẹ̀ àkùrọ̀, ní ibi tí omi kékeré ṣì ń sun sí, mo sì lọ fi han olórí wọn kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Láti ìgbà yẹn, ọ̀rẹ́ ni wá. Ó tilẹ̀ ń fún mi ní wàrà.

Àwọn ènìyàn náà yóò wá bu omi adágún mu. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí rántí sòbìà. Mo rí ẹsẹ̀ méjì níwájú mi yìí tí àpá rẹ̀ ṣì wà lára wọn. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yóò wọ adágún, ọmọ sòbìà yóò bọ́ sínú omi, kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi yóò gbé e mì, ẹni tó bá sì mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gbé e mì nìyẹn. Lẹ́yìn ọdún kan ni yóò yọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Asọ tí a fi sẹ́ omi wà lára ohun tó lé e lọ. Àìsàn mìíràn ṣì wà nínú omi adágún, nítorí náà ẹni tí kò bá ní omi mìíràn rárá, kó sẹ́ ẹ, kó sì sè é kó hó dáadáa.

Ohun kan ló kù, òun ni àwọn ènìyàn sì máa ń gbàgbé. Ẹja tó la ọ̀dá já lè kú lọ́jọ́ òjò àkọ́kọ́. A máa ń yọ̀ tí òjò bá ṣú, àwa àti ọmọ wa a sáré síta. Ṣùgbọ́n òjò yẹn ń gbá eérú igbó tó jóná, ìgbẹ́ màlúù àti ewé gbígbẹ oṣù márùn-ún bọ̀, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ sínú ihò kékeré tí ẹja kún inú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ gọ́tà yí adágún ká ní apá òkè, kí omi àgbàrá àkọ́kọ́ lè gba ibòmíràn lọ. Tí òjò bá ti rọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí omi gọ́tà ti mọ́, ẹ wá ṣí i sínú adágún.

Mo gbẹ́ tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá ní ọjọ́ Sátidé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kó sì mú ọkọ́ lọ́wọ́, nítorí ìhà kan ṣì kù tí mi ò tíì gbẹ́ tán.